Oorun ló fẹ́, kì í ṣe oòrùn: àkọsílẹ̀ igi mépù kan ní Èbúté Mẹ́ta

Ìkòkò amọ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Èbúté Mẹ́ta, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì dúdú tí mo nà sórí pákó mẹ́rin. Igi kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí: sẹ̀ǹtímítà 23 láti ilẹ̀ dé orí, ewé 18. Igi mépù ilẹ̀ Jàpáànì ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Acer palmatum. Nínú kóró 40 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ní 2023, òun nìkan ló kù. Inú ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ oníbàárà sílẹ̀ ni mo ń kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sí. Mo wá tò ó síbí, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó bọ́ sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní Èkó má baà tún gba ọ̀nà tí mo gbà pàdánù kóró 39.

Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mo kọ́, òun náà ni mo fi ń jẹun. Mi ò kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí gan-an ló gba igi náà là, nítorí ohun tí mépù ń wá tí Èkó kò ní, inú fíríìjì ló wà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Toronto. Igi mépù kan wà níwájú ilé tí wọ́n háyà, kò ga tó òrùlé. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹwàá bá ti ń parí lọ, gbogbo ewé rẹ̀ á pọ́n bí osùn, wọ́n á sì jábọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pe Màmá lórí fóònù aláwòrán nígbà tí wọ́n bá ń gbá a. Màmá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn kò lè jókòó sínú bàálù débẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n ní, "Ewé yìí dà bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ìkókó. Ó wù mí kí n fọwọ́ kàn án." Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí Màmá rí yẹn ni Carl Peter Thunberg, dókítà ọmọ ilẹ̀ Swídìn tó dé Jàpáànì ní 1775, náà rí. Nígbà tó máa fún igi náà lórúkọ Látìnì, palmatum ló pè é, ìyẹn ni pé ó rí bí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ará Jàpáànì ní tiwọn ní ọwọ́ àkèré ló jọ. Ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é, kaede, ti wá.

Oṣù Kẹwàá 2023. Kóró dé.

Ẹ̀gbọ́n mi rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn, wọ́n sì gba ìwé tó jẹ́rìí sí i pé kò ní àrùn. Mo tẹnu mọ́ ọn fún wọn. Irúgbìn ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe ohun tí à ń dì sáàárín aṣọ wọ̀lú, torí kòkòrò kan péré nínú kóró kan lè di wàhálà fún oko ẹlòmíì.

Kóró mépù kì í dá wà lórí igi. Méjì méjì ni wọ́n ń so, ìdí ọ̀kan kan ìdí èkejì, tí ìyẹ́ wọn kọjú síta. Ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ó fẹ́lẹ́, iṣan wà lára rẹ̀ bí ìyẹ́ àwọn kòkòrò tó máa ń yí gílóòbù po lálẹ́ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Bí wọ́n bá gbẹ, méjèèjì á pínyà. Mo ju ọ̀kan sílẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń pòòyì bọ̀ bíi fáànù, kò sáré balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ṣe ń ráyè gbé e jìnnà sí ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ ọgbà wa jù ú léraléra títí mo fi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Kóró gan-an kéré ju hóró ẹ̀wà lọ. Bí ẹ bá gbìn ín bí ẹ ṣe ń gbin ẹ̀wà, kò ní hù. Kò kú o, ó ń sùn ni. Nílẹ̀ rẹ̀, ìgbà tí òtútù fẹ́ wọlé ló máa ń jábọ́. Ká ní ó máa ń hù lọ́jọ́ kẹta tó balẹ̀ ni, yìnyín ì bá ti pa á run. Nítorí náà ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, àfi kí òtútù àti ọ̀rinrin bá a gbé fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, láàárín ìwọ̀n 1 sí 5 lórí tẹmómítà Sẹ́lísíọ̀sì, kó tó gbà láti ṣí i. Oòrùn tí Èkó ní tó, ó tún ṣẹ́kù. Oorun ni mo ní láti wá fún un.

Fíríìjì.

Oníbàárà kan gbé fíríìjì kékeré kan wá ní 2021, irú èyí tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì padà wá gbé e. Gáàsì ti jò tán nínú rẹ̀. Mo rí ihò náà lára páìpù ẹ̀yìn níbi tó ti dípẹtà, mo jó o pa, mo fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, mo sì rọ gáàsì 134 sí i. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti gan, mo pààrọ̀ rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ní fíríìjì nílé, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ owó bébà kan, kí ẹ sì fà á. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni òtútù yín ń gbà sá lọ.) Mo so tẹmómítà méjì sínú rẹ̀, ọ̀kan lókè lábẹ́ ibi tí omi ti ń dì, ọ̀kan láàárín. Òkè ń lọ sí 0, nígbà míì ó ń bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. Àárín dúró lórí 4. Àárín ni mo mú.

Iná ni ìṣòro. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́sàn-án, tẹmómítà á kúrò lórí 4 gun 16. Mo lọ bá Alhaja tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ike omi mẹ́fà sínú fírísà yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?"

"Igi ni mo fẹ́ fi tù nínú, mà. Ó ń sùn."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n gba ike náà. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń bá mi sọ ọ́ di yìnyín, èmi ń gbé èyí tó ti yọ́ wá pààrọ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Yìnyín tó ń yọ́ kì í kúrò lórí 0 títí gbogbo rẹ̀ á fi di omi, nítorí náà òun ló ń gba ooru tó bá wọlé sára. Pẹ̀lú ike mẹ́fà yìí, wákàtí mẹ́sàn-án láìsí iná kò gbé e kọjá 7.

4 oṣù Kọkànlá 2023. Mo ṣẹ́ ìyẹ́ kóró 20, mo rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì, mo kó wọn sáàárín háhá àgbọn tí mo ti fọ̀ tí mo sì fún títí omi kò fi kán lára rẹ̀ mọ́. Mo dì í sínú náílọ̀n, mo kọ ọjọ́ sí i lára. Mo fi 20 yòókù sílẹ̀ nínú bébà. Mo dúpẹ́ títí dòní pé mi ò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

22 oṣù Kejì 2024. Ọjọ́ 110.

Mo ṣí náílọ̀n náà. Méje ti yọ gbòǹgbò funfun tín-ín-rín, bí ìbẹ̀rẹ̀ gbòǹgbò àgbàdo. Mo pe Màmá lójú ẹsẹ̀, mo ní méje ti hù.

Mo gbìn wọ́n sínú náílọ̀n dúdú tí àwọn tó ń ta òdòdó létí títì máa ń lò, mo ra ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá tó kún fún ìgbẹ́ adìyẹ, mo to wọ́n síbi tí oòrùn àárọ̀ títí di ọ̀sán ti ń tàn. Gbogbo ohun tí mo rò pé igi ń fẹ́ ni mo fún wọn. Ọjọ́ karùn-ún, ọ̀kan dojú bolẹ̀. Ọrùn rẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀ ti tín-ín-rín, ó sì ti dúdú. Ọjọ́ kẹjọ, mẹ́ta míì. Èbu tó ń gbé inú ilẹ̀ olómi tó lọ́ràá ló ń jẹ wọ́n lọ́rùn bẹ́ẹ̀, kì í fi àmì hàn tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù, ooru ló pa wọ́n. Mo ki tẹmómítà bọ inú ilẹ̀ ọ̀kan ní aago méjì ọ̀sán: 39. Gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì ni mo ń sè lójú oòrùn. Ọjọ́ kẹtàlá, kò ku ọ̀kan.

Ó dùn mí gan-an. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó lè sọ fún Màmá.

1 oṣù Kẹta 2024. Ìkejì.

Èyí tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ rò ni pé ìgbà wo ni mo fẹ́ kí wọ́n jí. Oṣù Kejì sí Ìkẹta ni ooru Èkó máa ń mú jù. Oṣù Kẹfà, òjò ń rọ̀, ojú ọ̀run ṣú, ara tutù díẹ̀. Nítorí náà mo ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá, mo rẹ kóró 20 tó kù, mo sì kó wọn wọ fíríìjì lọ́jọ́ yìí kí wọ́n lè jáde ní àárín oṣù Kẹfà.

Bí wọ́n ti ń sùn, mo ń ṣètò ilé dè wọ́n. Mo ra ìkòkò amọ̀ mẹ́fà ní ọjà Ọyìngbò, mo sì lu ihò sí ìdí wọn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìṣó àti omi. Ìkòkò amọ̀ máa ń làágùn. Bí omi ṣe ń gbà lára rẹ̀ jáde ló ń gbé ooru lọ, bí ti àmù tí àwọn ìyá wa ń tọ́jú omi mímu sí. Mo gbé ìkòkò kan àti náílọ̀n dúdú kan sí ojú kan náà, ilẹ̀ kan náà ló wà nínú wọn: náílọ̀n jẹ́ 38, ìkòkò jẹ́ 29. Ìyàtọ̀ 9 láti ara amọ̀ nìkan.

Ilẹ̀ inú rẹ̀, agolo mílíìkì ni mo fi wọ̀n ọ́n: méjì yanrìn òkúta tí mo sẹ́ kí eruku rẹ̀ kúrò, ọ̀kan háhá àgbọn, ọ̀kan èédú tí mo fọ́ sí wẹ́wẹ́, àti ààbọ̀ ewé jíjẹrà láti abẹ́ igi iṣin Màmá. Kò lọ́ràá, omi kì í dúró nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kan pákó mẹ́rin, mo na nẹ́ẹ̀tì ibòji lé e ní ìlọ́po méjì, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí ìlà oòrùn. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀, oòrùn ti kúrò níbẹ̀.

18 oṣù Kẹfà 2024. Ọjọ́ 109. Òjò ń rọ̀ láti òru.

Márùn-ún hù. Mo gbìn wọ́n ní ìkòkò kọ̀ọ̀kan, mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Ewé méjì àkọ́kọ́ tó ń ti inú kóró jáde rí bí ahọ́n, ó gùn, kò ní ìka kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ewé tòótọ́ yọ láàárín wọn, méjì lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ̀ rí bí eyín ayùn, ṣùgbọ́n kò tíì pín. Mo bẹ̀rù pé wọ́n ta irúgbìn mìíràn fún wa. Nígbà tí méjì tó tẹ̀ lé e ṣí, ìka márùn-ún wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ṣónṣó lórí. Àwọn tó ń yọ báyìí ń ní méje. Ọrùn ewé náà pupa, ewé fúnra rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tó bá ṣí, lẹ́yìn náà á di ewé tútù yọ̀yọ̀.

Màmá béèrè ìdí tí kò fi pọ́n bí ti Toronto. Mo ṣàlàyé fún wọn pé irú kan wà tí ewé rẹ̀ ń pọ́n láti ìgbà tó bá yọ títí yóò fi jábọ́, ṣùgbọ́n irú bẹ́ẹ̀, lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń lọ́ máńgòrò: wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀ so mọ́ ìdí igi mépù mìíràn. Bí ẹ bá gbin kóró, ọmọ lè jọ ìyá, ó sì lè má jọ ọ́. Tiwa wá pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni bí ewé rẹ̀ ṣe ń jókòó. Ojúkojú ni wọ́n ń yọ: níbi tí ọ̀kan bá wà, èkejì rẹ̀ wà ní òdìkejì gẹ́lẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé wọn lókè á wá dábùú tàwọn, kí ẹnìkan má baà ṣíji bo ẹnìkejì. Mo fi èyí wé igi iṣin tó wà ní àgbàlá Màmá. Ewé iṣin kì í yọ lójúkojú. Ọ̀kan á yọ lápá ọ̀tún, òmíràn á yọ lókè díẹ̀ lápá òsì, ewé wẹ́wẹ́ mélòó kan á sì tò sára ọ̀pá kan. Ẹni tó bá wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ní gbà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ẹbí kan náà ni mépù àti iṣin.

Àwọn onímọ̀ ewéko ti ya mépù sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó dá dúró, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ DNA wọn wò, wọ́n dá a padà sínú ẹbí Sapindaceae, níbi tí iṣin wa wà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti májèlé. Màmá ló kọ́ wa láti kékeré pé a kì í fi tipátipá la iṣin, ó gbọ́dọ̀ ya ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní hypoglycin A wà nínú èyí tí kò tíì là, ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé ó lè pa èèyàn. Májèlé yìí kan náà wà nínú kóró irú mépù kan tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, Acer pseudoplatanus. Ẹṣin tó bá jẹ kóró náà mọ́ koríko, iṣan rẹ̀ á máa kú, ọ̀pọ̀ wọn kì í là á já. Láti ọjọ́ tí mo ti ka èyí, mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan fi kóró mépù sẹ́nu, irú yòówù kó jẹ́.

Iṣin náà ti rìnrìn àjò rí. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e dé Jàmáíkà láyé òwò ẹrú. Lónìí òun ni èso orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n ń pè é ní ackee. Ooru ibẹ̀ àti tiwa kò jìnnà síra. Kò sẹ́ni tó ní láti wá oorun fún un.

Oṣù Keje sí Ìkọkànlá 2024. Ọ̀kan kú láìsí ìdí tí mo rí. Ìgbín kékeré kan jẹ òmíràn lóru ọjọ́ kan, gbogbo orí rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọ́n eérú yí ẹsẹ̀ pákó ká. Mẹ́ta kù.

Lóṣù Kọkànlá, bí òjò ṣe dáwọ́ dúró tí omi inú kẹ́ẹ̀gì mi tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi kànga bomi rin wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣónṣó orí ìka ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń jẹ wọlé láti etí. Mo rò pé oòrùn ni. Ìgbà tí mo rí ohun funfun tó gan mọ́ ẹnu ìkòkò ni mo tọ́ ọ wò: iyọ̀. Omi kànga àdúgbò wa níyọ̀ nínú. Bí ẹ bá sè é nínú kẹ́tùlù, ẹ ó rí i nídìí rẹ̀. Gbòǹgbò mépù kò lè gbà á. Méjì kú kí n tó mọ̀.

Ojú iṣẹ́ ni mo ti rí ojútùú. Mo ń tún A.C. kan ṣe ní Yábàá, omi ń kán láti ẹ̀yìn rẹ̀ sínú garawa. Omi tí A.C. ń fà láti inú atẹ́gùn ni, bí ìrì, kò gba inú ilẹ̀ kọjá, kò lè ní iyọ̀. Mo bi onílé bóyá mo lè máa wá gbé e, wọ́n ní kí n gbé garawa náà lọ. Mo da omi yìí gba inú ìkòkò tó kù lọ́pọ̀ ìgbà kí iyọ̀ náà lè wẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà, omi òjò nígbà òjò, omi A.C. nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ṣáà rí i dájú pé wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ fọ A.C. náà.

Oṣù Kìn-ín-ní 2025. Bí mo ṣe kọ́ ọ láti sùn.

Ọyẹ́ dé. Igi tó kù ga ní sẹ̀ǹtímítà 11, ewé mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀. Kò dàgbà mọ́, kò sì wọ́wé. Ó kàn dúró bí ẹni tí oorun ń kùn tí kò ríbi fẹ̀yìn lé. Mo ti kà á pé mépù tí kò bá rí òtútù sùn lè gbìyànjú fún ọdún kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà agbára inú gbòǹgbò rẹ̀ á tán. Kóró nìkan kọ́ ló ń sùn. Igi náà gbọ́dọ̀ máa sùn lọ́dọọdún.

Àmọ́ a kì í ti ojú mọmọ ti igi tó ní ewé lára mọ́ inú òkùnkùn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú. Àwọ̀ tútù inú ewé ni igi fi ń sọ oòrùn di oúnjẹ. Bí òru bá ń gùn, tí òtútù sì ń wọlé, mépù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọ̀ náà palẹ̀, á kó èyí tó níye lórí nínú rẹ̀ padà sínú ẹ̀ka àti gbòǹgbò, á sì fi ṣúgà tó há sínú ewé ṣe àwọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní anthocyanin. Òru tó gùn àti òtútù ló ń sọ fún un. Ní Toronto, ojúmọmọ máa ń gùn kọjá wákàtí 15 ní oṣù Kẹfà, kò sì ní tó 9 ní oṣù Kejìlá. Ní Èkó, ọjọ́ tó kúrú jù jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45, èyí tó gùn jù kò sì ju wákàtí 12 àbọ̀ lọ. Igi mi kò rí ẹni sọ fún un pé ọdún ń parí.

Mo yí fíríìjì sókè dé 9. Láti 8 oṣù Kìn-ín-ní, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gbé ìkòkò wọlé, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mò ń gbé e jáde sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tí oòrùn kò ti kàn án. Wákàtí 9 ìmọ́lẹ̀, wákàtí 15 òkùnkùn àti òtútù. Mo sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ mi bí ẹni ń sọ àkókò ìrun: a ò gbọdọ̀ pẹ́, a ò gbọdọ̀ gbàgbé.

Ọjọ́ kẹfà, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbé e jáde, mo rí i pé ewé méjì ìsàlẹ̀ ti pupa láti orí ìka wá sí àárín, iṣan ewé ṣì tútù láàárín pupa náà. Mo jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá, ewé márùn-ún ti pọ́n. Mẹ́ta yòókù kàn gbẹ ni, wọ́n ti rí iyọ̀ jù.

Mo gbé ìkòkò náà lọ bá Màmá lórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí lábẹ́ iṣin. Inú fíríìjì ló ti ń bọ̀ tààrà. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ewé kan, wọn kò fà á. Wọ́n ní, "Ó tutù bí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù aláwòrán. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e, Màmá kò tilẹ̀ kí wọn tán, wọ́n yí fóònù sí ìkòkò náà: "Wò ó, tèmi náà pọ́n."

25 oṣù Kìn-ín-ní sí 30 oṣù Kẹta 2025. Ewé ìkẹyìn jábọ́ ní 24 oṣù Kìn-ín-ní. Màmá mú mẹ́ta nínú wọn sáàárín Bíbélì. Mo yí fíríìjì padà sí 4, mo ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 64. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń fọwọ́ gbé ìkòkò náà wò. Bí ó bá fúyẹ́, mo ń bu omi díẹ̀ sí i. Ní 2 oṣù Kẹta mo bá máńgòrò méjì níbẹ̀ tí ọmọṣẹ́ mi fi pa mọ́. Mo yọ wọ́n, mo sì ṣí ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde. Èso tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì ethylene jáde, ó sì lè ba ibi tí ewé tuntun máa ti yọ jẹ́. Òun kò mọ̀, èmi ni mi ò sọ fún un.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn oṣù yìí ni. Ìgbà tí ooru Èkó bá ń jó èèyàn lára, kí ó máa sùn. Ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí ó jí.

11 oṣù Kẹrin 2025. Ó jí. Lórí ẹ̀ka rẹ̀ kò sí ojú kan ṣoṣo tó ń na sókè bí ti ọ̀pọ̀ igi wa. Ojú méjì ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pupa, kékeré bí orí ìṣáná. Méjèèjì ṣí lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lọ sí ọ̀tún, ọ̀kan lọ sí òsì. Ìdí nìyẹn tí igi mépù fi máa ń la bí orí kànnàkànnà níbi gbogbo tó bá dé, tó fi ń rẹwà láìsí pé ẹnikẹ́ni gé e. Láàárín oṣù Kẹrin sí Ìkẹjọ ó fi sẹ̀ǹtímítà 12 kún gíga rẹ̀, ju gbogbo èyí tó ga ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ.

Oṣù Kẹsàn-án 2025. Ibi tí a dé nìyí. Mo ti pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ sí èyí tó fẹ̀ díẹ̀, ó ṣì gba ẹnu fíríìjì kọjá, ṣùgbọ́n tó bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ kò ní gbà á mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíríìjì ńlá kan tí kọ̀mpẹ̀rẹ́sọ̀ rẹ̀ ti kú. Òdòdó rẹ̀, èyí tí mo kà pé ó kéré, tó pupa, tó máa ń rọ̀ sílẹ̀ ní ìṣù, kò tíì yẹ kí n máa retí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

5 oṣù Kìn-ín-ní 2026 ni màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọlé ní aago márùn-ún. Màmá ti sọ pé lọ́tẹ̀ yìí kí n má dúró di ọjọ́ kẹtàlá kí n tó gbé e wá. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n fẹ́ máa wò ó.